Ọwọ́ Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Bí ọdún méjì bá ti pé, tí ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ní Irbid bá fẹ́ yan olórí tuntun, Nayef ni wọ́n máa ń ní kó wá ka ìbò. Kì í ṣe pé ó lẹ́nu láwùjọ jù, kò sì lówó lọ́wọ́. Wọ́n kàn mọ̀ pé bí Nayef bá ti kà á, kò sẹ́ni tó tún máa ní kí wọ́n tún un kà. Á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, á da ìwé ìbò jáde nínú àpótí, á wá máa gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan kí gbogbo ilé lè rí i. Lọ́dún kan, ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi na ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Mifleh, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Haitham. Ohùn Nayef ò gbọ̀n rárá nígbà tó ń kéde rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde, Bàbá Haitham fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìbò kan péré! O ò lè gbé e mì fún mi?"

"Ìwé yẹn nípọn jù," ni Nayef dá a lóhùn. "Ọ̀fun mi ò gbà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń mu tíì. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Haitham wọlé, kò sì kúrò lórí àga olórí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tí kò gbé Jọ́dánì nígbà náà lè má mọ ohun tí àpótí yẹn jẹ́ fún wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí ìjọba ò fi jẹ́ kí ìlú dìbò yan aṣòfin. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ọkùnrin kan bá sọ̀rọ̀ láṣejù níbi tó ti ń mu kọfí, wọ́n lè ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ awọnlẹ̀, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ra wọn, wọ́n ń ta ko olórí lójú ara rẹ̀, wọ́n sì ń nawọ́. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ti ń bi wọ́n pé: ẹ̀yin, kí lẹ rò?

Nígbà tó di ọdún 1994, ìjọba tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fi bàlúùnù ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bàbá Haitham dìde.

"Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé. Ó dáa. Ta ni wọ́n bi? Ṣé wọ́n bi ìwọ? Ṣé wọ́n bi bàbá ẹ? Wọn ò bi ẹnì kankan! Àwa ńkọ́? Níbí, àwa ń bi ara wa. Mo dá a lábàá pé ọmọ ẹgbẹ́ yìí tó bá sọdá Odò Jọ́dánì lọ bá wọn ṣe ohunkóhun, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà ṣe òwò, ìbáà ṣe ìwòsàn, kò sí nínú wa mọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

Nayef wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní ìdí tirẹ̀. Beisan ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ní òdìkejì odò, ìlú kan tí èèyàn lè rí láti orí òkè lápá ìhín bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Lọ́dún 1948 ni wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀. Ó pọn ẹ̀gbọ́n Nayef sẹ́yìn, ó sì fẹsẹ̀ wọ́ odò kọjá. Títí obìnrin náà fi kú, kò sí ọ̀pọ̀tọ́ kan tó jẹ ní Irbid tó dùn lẹ́nu rẹ̀. Nayef nawọ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí rẹ̀, ó sì nawọ́ nítorí pé inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀, Itaf, bímọ. Ọdún kọkànlá tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Lubna, láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n sì ti di Bàbá Lubna àti Ìyá Lubna ládùúgbò, kódà lẹ́nu àwọn tó ti ń fojú àánú wò wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ò le. Bó bá sunkún, ètè rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó mu tàdáwà. Nígbà tó mọ ìrìn, bó bá rìn díẹ̀, á lóṣòó sílẹ̀, á gbá orúnkún mọ́ra, á máa wá èémí. Àwọn ọmọ yòókù rò pé eré ló ń ṣe, àwọn náà á lóṣòó tì í. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, dókítà kan ní Amman fi àwòrán ọkàn rẹ̀ hàn wọ́n.

"Ibi mẹ́rin ni ọkàn ọmọ yìí ti ní àléébù," ni ó wí. "Bó ṣe rí yìí, a ò lè fọwọ́ kàn án níbí. Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é."

Nayef bi í ní iye tó máa ná wọn. Nígbà tí dókítà dáhùn, ó bojú wolẹ̀. Dókítà dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àwọn kan wà tí wọ́n lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kò jìnnà. Láti Irbid, kò tó wákàtí méjì."

Nayef mọ̀ pé òdìkejì odò ló ń sọ. Ìgbà tí wọ́n délé, tí ọmọ ti sùn, ló tó sọ ti ẹgbẹ́, ó sọ ti òfin, ó sọ ti ìyá rẹ̀. Itaf gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Bàbá Lubna," ni ó wí, "èmi ò bí ẹgbẹ́. Lubna ni mo bí."

Wọ́n gba orí afárá odò náà kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn gba inú Beisan kọjá. Nayef fẹ́ wo ìlú náà dáadáa, ó fẹ́ mọ ibi tí ilé ìyá rẹ̀ lè wà, torí ojú tó fi ń wo ilẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Ṣùgbọ́n Lubna ń bì sí i lẹ́sẹ̀, ó ń nu ún lẹ́nu, nígbà tó sì fi máa gbójú sókè, wọ́n ti kọjá.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Násárẹ́tì ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà ti hewú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ó bi Nayef pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nayef ní òun ń wọn ilẹ̀, òun ń pa ààlà. Ọkùnrin náà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

"Níbí," ni ó wí, "iṣẹ́ yẹn le ju tèmi lọ."

Nọ́ọ̀sì tú u sí Lárúbáwá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Iṣẹ́ abẹ náà gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òbí wá wò ó, ohun tí Nayef kọ́kọ́ rí ni ètè ọmọ náà. Ó pọ́n. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Wọ́n padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ará ilé ò mọ̀ ju pé wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún bí ọdún kan, títí tí rògbòdìyàn fi bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Palẹsítínì, tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé òkú wá sí pálọ̀ gbogbo ilé lójoojúmọ́. Inú ń bí ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó ń bá Ísírẹ́lì da nǹkan pọ̀ síta. Ẹnì kan tó rí Nayef lórí afárá rántí pé òun rí i. Lẹ́tà ẹgbẹ́ dé pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní ìpàdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, Bàbá Haitham wá sílé rẹ̀. Kò mu tíì tí wọ́n gbé fún un.

"Tẹ́tí sí mi dáadáa. Lọ́la, wọ́n á bi ọ́. Sọ pé Amman lo gbé ọmọ lọ. Pé ọ̀nà afárá lo gbà lọ kí mọ̀lẹ́bí ìyá ẹ, ọmọ ò bá ẹ lọ. Ẹni tó rí ẹ yẹn, kò dá a lójú. Màá pa ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ó tán."

"Wàá pa á?"

"Èmi ni mo jókòó sórí àga. Màá pa á."

Nayef ń yí ife rẹ̀ po lórí àwo. "Mifleh, láti ogún ọdún ni mo ti ń ka ìbò níbẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́ torí pé mi ò parọ́ fún wọn rí. Bí mo bá wá parọ́ fún wọn lọ́la, kí ni mo tún fẹ́ máa wá síbẹ̀ wá ṣe?"

"O ò gbọ́n!" ni Bàbá Haitham kígbe. "Àbí o fẹ́ kí n nawọ́ lé ẹ lórí ni?"

"Ṣe ohun tó o bá rò pé ó tọ́. Ìdí tá a fi ń dìbò nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un láyè kó sọ̀rọ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wò ó, ó tún un wọ̀.

"Mo lọ," ni ó wí. "Ọmọ mi ń kú lọ, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè gbà á là. Mi ò bá wọn ṣòwò. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi, mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó nawọ́ fún òfin yìí, mi ò sì ní kẹ́ ẹ yí i padà torí tèmi. Ẹni tó bá ti bímọ nínú yín, kó ṣáà rántí ọmọ ẹ̀ kó tó nawọ́. Mo ti sọ tèmi tán."

Bàbá arúgbó kan ló dìde ní ìlà iwájú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn ọmọ Gásà ńkọ́, Nayef? Àwọn wo ló ń gbé tiwọn lọ fún dókítà?"

Nayef tẹrí ba fún un. Ó jókòó.

Wọ́n ní kí wọ́n nawọ́. Akọ̀wé ń tọ́ka, ó ń kà. Bàbá Haitham tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lókè.

"Méjìdínlọ́gọ́ta ló ní kó lọ," ni akọ̀wé kéde.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni," ni Nayef wí láti ibi tó jókòó sí. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ó tó mọ̀. "O fo àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn òpó."

Akọ̀wé tún un kà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Nayef mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Awọnlẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ò lè lu òǹtẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀, àwòrán tí kò bá sì ní òǹtẹ̀, ìwé lásán ni. Nayef wá di ẹni tó ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú fún àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. Òun ló ń wọn ilẹ̀, àwọn ló ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gá síbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Ìdìbò aṣòfin ti padà sílùú nígbà yẹn, àwọn olùdíje ń lẹ fọ́tò wọn mọ́ ògiri ilé rẹ̀. Kò lọ dìbò. Itaf bi í pé kí ló dé, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ń pe Lubna ní "Ọlọ́kàn Júù." Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ìyá rẹ̀ pè é sí yàrá, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, kò wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ṣí mọ́. Á de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé abẹ́ àgbọ̀n kí àpá iṣẹ́ abẹ náà má bàa hàn, nínú oòrùn gan-an.

Lọ́dún 2014, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lórí Gásà, Lubna ti wà ní yunifásítì. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ìwọ́de lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì dúró síwájú bàbá rẹ̀ láìbọ́ bàtà.

"Bàbá, ẹnì kan bi mí lónìí pé kí ni mò ń wá níbi ìwọ́de. Ó ní àwọn tí mò ń bú ló rán ọkàn mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Ìwọ ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, èmi ni mò ń gbé e kiri!"

"Kí lo bá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé ẹ bi mí?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́, Lubna."

Itaf jáde wá láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. "Lubna! Ká ní a ò gbé ẹ lọ ni, ẹnu wo lò bá fi bú wọn lónìí?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wọ yàrá. Ó tó oṣù kan tí kò fi bá Nayef sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nayef ò bínú sí i. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà jọ ìyá òun ju bí òun fúnra rẹ̀ ti jọ ọ́ lọ.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Lubna ti ń ṣe tíṣà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni, Sufyan, ọmọ Karak, fẹ́ fẹ́ ẹ. Bí ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá ṣe ń sún mọ́lé, Lubna wá jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá, wọ́n lè bi yín ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni."

Nayef yíjú sí i.

"Sufyan mọ̀ pé wọ́n ṣe é fún mi. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn Júù ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ lójú ogun ní '68. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan kan rí."

Òótọ́ ni. Kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan rí.

Mẹ́ta làwọn tó wá. Nígbà tí Nayef ṣílẹ̀kùn, ó rí bàbá Sufyan, ó rí ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Rasmiyya, tó jẹ́ àǹtí bàbá náà, ó sì rí Bàbá Haitham lẹ́yìn wọn. Òun àti bàbá Sufyan jọ ṣe sójà rí. Torí pé ó jẹ́ èèyàn pàtàkì ní Irbid ni wọ́n fi ní kó wá bá wọn tọrọ ọmọ. Wọn ò mọ̀ pé ọdún méjìdínlógún nìyẹn tí kò ti tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yìí.

"Ẹ káàbọ̀," ni Nayef wí fún gbogbo wọn.

Wọ́n gbé kọfí wá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn àlejò gbé ife wọn sílẹ̀ láìfẹnu kàn án títí bàbá ọmọ á fi fún wọn lésì. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Mama Rasmiyya ló ṣàdédé fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá Lubna, arúgbó ni mí, mi ò mọ̀ ọ́n dọ́gbọ́n sọ. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ yìí rí lọ́kàn. Níbo ni wọ́n ti ṣe é? Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa?"

Nayef gbọ́ bí abọ́ ṣe dákẹ́ ní ilé ìdáná, níbi tí Lubna àti ìyá rẹ̀ wà.

"Lọ́ńdọ̀nù ni, Mama," ni ó wí.

"Lọ́ńdọ̀nù! Áà, ibẹ̀ jìnnà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọn ilẹ̀? Ta ló bá yín rù ú?"

Nayef ò rò ó débẹ̀.

"Ẹgbẹ́ ni," ni Bàbá Haitham wí. Kò wo Nayef. "Ẹgbẹ́ wa ló dá owó jọ fún un. Èmi ni mo wà lórí àga nígbà náà."

"Ẹgbẹ́ gidi nìyẹn," ni ìyá àgbà náà wí. "Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Àmín," ni Bàbá Haitham wí.

"Àmín," ni Nayef náà wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ mu kọfí yín." Itaf gbúròó ìyẹn láti inú, ó sì fi ìdùnnú hó yèè.

Nígbà tí àwọn ará Karak ti wọ mọ́tò, Bàbá Haitham ní kí wọ́n máa lọ, pé òun á fẹsẹ̀ rìn. Òun àti Nayef jọ dúró níta. Àwọn méjèèjì ti darúgbó, wọ́n sì ń wo ibòmíràn.

"Àwọn ọmọ kéékèèké ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ báyìí," ni Bàbá Haitham wí. "Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìgbà yẹn. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ wá síwájú wọn, wọ́n á dá ẹ padà. Wọ́n á dìbò sí i. Mo mọ̀."

"Wọ́n á bi mí níbi tí mo gbé ọmọ lọ."

"Wọ́n á bi ọ́."

"Èsì tí mo bá fún wọn á dé Karak kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bàbá Haitham ronú sí i. Ó mi orí. "Mo ní kó o sọ pé Amman ni nígbà yẹn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo bẹ̀ ọ́."

"O bẹ̀ mí."

Ó di Nayef lọ́wọ́ mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbéyàwó ló kú, àtọ̀gbẹ ló pa á. Nayef lọ síbi tí wọ́n ti ń kí àwọn ẹbí. Ó bọ gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tò sílẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó nawọ́ àti àwọn tí kò nawọ́, ó sì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn.

Lubna ń gbé Karak. Ó bí ọmọkùnrin kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fóònù. Nígbà tí ogun tún bẹ̀rẹ̀ ní Gásà lọ́dún 2023, ó wá ń fóònù ní gbogbo ọjọ́, kì í sì í sọ púpọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ á kàn di fóònù mú, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ nílé àwọn méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Bàbá, kí ni orúkọ dókítà yẹn?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò sì sẹ́ni tó bi í rí. "Elkana," ni Nayef wí.

Ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ó dáa," ni Lubna wí. "Ọmọ yìí ti jí. Ẹ bá mi kí Mama."